Ẹ̀yìn Tó Ń Ro Wá Yìí: Ẹ Jẹ́ Ká Fọwọ́ sí Kíláàsì Yógà

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ọjà. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ olówó ni, àwọn kan ní ẹbọ ni, àwọn kan sì ti lọ ra ẹní pamọ́. Ọ̀rọ̀ yógà ni. Ìgbìmọ̀ ìlera ẹgbẹ́ wa mú àbá wá pé kí ẹgbẹ́ san owó tíṣà kan fún oṣù mẹ́fà, kó máa wá kọ́ wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìpàdé. Ní ìpàdé tó kọjá, ó yẹ ká dìbò, ariwo ò jẹ́. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí ò ní fi bò: a fara mọ́ àbá náà. Ẹ jẹ́ ká ro ìdí rẹ̀ fún yín, ká sì sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń lo ara wa ná. Kí ilẹ̀ tó mọ́, aláta ti wà lẹ́nu ọkọ̀ tó ń fa apẹ̀rẹ̀. Kóńgò ò sinmi lọ́wọ́ onígàrí: á bẹ̀rẹ̀, á bù ú, á nàró, á tún bẹ̀rẹ̀, ìgbà àìmọye lójúmọ́. Aláṣọ á jókòó sórí àpótí tí kò ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ láti aago méje àárọ̀ di aago méje alẹ́, tó bá máa dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú bíi búrẹ́dì. Ẹ̀wẹ̀, a délé kò tán. Omi wà láti pọn, ọbẹ̀ wà láti sè, ọmọ wà láti pọ̀n.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa jókòó sídìí ọjà rẹ̀, oníbàárà dé, ó fẹ́ dìde dá a lóhùn, kò lè dìde. Ẹ̀yìn ló mú un. Èèyàn mẹ́rin ló gbé e wọ ọkọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìsọ̀ rẹ̀ fi wà ní títì, nígbà tó sì máa padà, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ìsọ̀ ẹlòmíràn. A dá owó fún un, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ bi í wò bóyá owó yẹn tó èyí tó sọ nù.

Kí ni à ń ṣe sí i kó tó dé bẹ́ẹ̀? Kẹ́míìsì là ń lọ. Oògùn ara ríro wà nínú pọ́ọ̀sì gbogbo wa, èmi lè yá ọ, ìwọ lè yá mi. Bí ẹ̀yìn ro láàárọ̀, a gbé méjì mì. Bó bá tún ro lálẹ́, a tún gbé méjì mì, nígbà mìíràn a ò tíì jẹun. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí èèyàn bá ń lo irú oògùn wọ̀nyí lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó lè dá egbò sínú ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i? Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọjà, a tò gbọọrọ, a gba ìwé, a lọ sílé. Ìwé yẹn ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹgbẹ́ náà jẹ̀bi níbẹ̀ o: ẹni kan ò padà wá béèrè lọ́wọ́ wa pé báwo ló ṣe ń lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ẹ̀yìn ń ro. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èèyàn mílíọ̀nù 619 ló ní ìrora ẹ̀yìn lọ́dún 2020, wọ́n sì ní ìrora yìí ló ń sọ èèyàn di ẹni tí kò lè ṣe nǹkan fúnra rẹ̀ ju àìsàn èyíkéyìí lọ láyé. Àwa obìnrin ló sì ń bá jà jù.

Kí ló ń jẹ́ yógà gan-an? Ilẹ̀ Íńdíà ló ti wá, ó sì ti pẹ́ gan-an níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ ọ̀rọ̀ náà "àjàgà", igi tí wọ́n fi ń so màlúù méjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ túlẹ̀. Láti inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní èdè Sanskrit ni orúkọ yógà ti jáde: ká so nǹkan pọ̀, ká so ara pọ̀ mọ́ èémí àti ọkàn. Ẹni tó bá ń ṣe é á na ara, á tẹ ara, á dúró síbẹ̀ fún ìwọ̀n èémí mélòó kan, á sì máa mí jẹ́jẹ́. Kì í ṣe eré ìje. Kò sí ẹni tó ń gba ife-ẹ̀yẹ.

Ìtàn ọkùnrin kan wà tí a fẹ́ràn. B.K.S. Iyengar lorúkọ rẹ̀, wọ́n bí i lọ́dún 1918 ní gúúsù Íńdíà. Ọmọ àìsàn ni: ibà ṣe é, ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe é, táífọ́ọ̀dù ṣe é. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Krishnamacharya, ló kọ́ ọ ní yógà ní ìlú Mysore, ara rẹ̀ sì dìde. Ó kọ ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù lọ́dún 1966, ó sì ń ṣe yógà títí tó fi kú lọ́dún 2014 lẹ́ni ọdún 95. Ohun tó mú wa fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò fi dandan lé e pé kí ara gbogbo èèyàn rí bákan náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò kan ẹsẹ̀, ó fún un ní okùn. Ẹni tí kò lè jókòó sílẹ̀, ó gbé àga fún un. Àwa ò ní okùn tó ń tà nílùú òyìnbó, ṣùgbọ́n a ní ọ̀já. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ gbalaja, tó fi ọ̀já kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kan, tó fa ẹsẹ̀ náà sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn itan tó ti le bí igi á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọ̀já tí a fi pọ̀n wọ́n dàgbà náà ni o.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Lọ́dún 2017, àwọn dókítà ní ìlú Boston nílẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Èèyàn 320 tí ẹ̀yìn ń ro tipẹ́ ni wọ́n lò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe olówó. Wọ́n ní kí àwọn kan máa lọ sí kíláàsì yógà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, kí wọ́n sì máa ṣe é nílé. Àwọn kan lọ sọ́dọ̀ fisiotẹ́rápì, àwọn tó kù gba ìwé láti kà. Ìrọ̀rùn tí àwọn oníyógà rí kò kéré sí ti àwọn tó lọ sọ́dọ̀ fisiotẹ́rápì, oògùn ìrora tí wọ́n ń lò sì dín kù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí ìwòsàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: kíláàsì pẹ̀lú ilé ni. Wọn ò ṣe ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wa ń lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló kọ́kọ́ gba ẹnu ní ìpàdé, a ò lè fò ó. A ò ní purọ́ fún yín pé yógà ò mọ ẹ̀sìn rí. Láàárín àwọn onísìn Híńdù àti àwọn onísìn mìíràn nílẹ̀ Íńdíà ló ti dàgbà, àwọn kan sì ń fi ṣe ìjọsìn títí dòní. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbààgbà ẹ̀sìn fi ń kìlọ̀. Lọ́dún 1989, ìjọ Àgùdà kọ lẹ́tà láti Róòmù láti ki àwọn ọmọ ìjọ nílọ̀ nípa irú ọ̀nà àṣàrò báyìí, kí wọ́n má fi rọ́pò àdúrà. Lọ́dún 2008, ìgbìmọ̀ fátíwà ilẹ̀ Màléṣíà ní yógà tó bá ní ọfọ̀ àti ìjọsìn nínú kò tọ́ fún Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2017, Sọ́dì Arébíà, níbi tí Mẹ́kà wà, fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Ní ìpínlẹ̀ Alabama nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n fòfin de yógà nílé ẹ̀kọ́ ìjọba lọ́dún 1993, ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣí i, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé nínà ara nìkan ni o, kò sí ọfọ̀, òbí sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ohun tí Alabama ṣe yẹn bá wa lára mu. Kí tíṣà wa kọ́ wa ní nínà ara àti mímí. Kó má kọ orin tí a ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kó má gbé ère wá. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà nígbà tó ń sinmi, kó gba ti ẹ̀sìn tirẹ̀ sínú. Ẹni tí àlùfáà rẹ̀ bá sì ní kó má ṣe é, kó má ṣe é, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àlùhájà kan wà láàárín wa tí orúnkún ò jẹ́ kó foríkanlẹ̀ mọ́, orí àga ló ti ń kírun. Lẹ́yìn oṣù bíi márùn-ún tó ti ń na ara, ó ti padà sórí ẹní. Òun ló gbèjà àbá yìí jù lọ ní ìpàdé.

A tún gbọ́ pé orúkọ ìdúró tí wọ́n fi ń parí yógà, ní èdè àwọn tó ni ín, "òkú" ló túmọ̀ sí, torí pé èèyàn á dùbúlẹ̀ láì mira. Ìyá wa kan ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, èmi ò ní dùbúlẹ̀ bí òkú lójú ọmọ aráyé!" A ti yanjú ìyẹn. Ìsinmi là ń pè é lọ́dọ̀ tiwa.

Àwa mẹ́ta tí à ń kọ ìwé yìí ti ń ṣe é láti ọdún tó kọjá, a sì ti ṣe àṣìṣe tó pọ̀. Ibi tí a kọ́kọ́ lọ sanwó, a ò ní dárúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wa ní kí a fi orí dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún! Ọ̀kan nínú wa gbìyànjú ẹ̀, ọrùn rẹ̀ dùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin èèyàn wa, tíṣà tí kò bá bi yín bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bóyá ẹ lóyún, bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí, kó tó ní kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ yáa kó bàtà yín. Èyí tí ìgbìmọ̀ rí báyìí, arábìnrin kan ni, ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó wo bí a ṣe ń jókòó lórí àpótí kó tó kọ́ wa ní ohunkóhun.

Ìdí tí a fi nílò kíláàsì nìyẹn. Fídíò wà lórí fóònù, àwọn ọmọ wa lè wá a fún wa, ṣùgbọ́n fóònù ò rí yín. Kò mọ̀ pé èjìká yín ti gòkè dé etí, kò mọ̀ pé ẹ ti di èémí mọ́nú. Tíṣà á rí i, á fọwọ́ kàn yín léjìká, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ máa mọ ìyàtọ̀. Ìkejì, kíláàsì ń mú èèyàn jáde. Ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ ẹ́, ẹnì kejì rẹ á kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ, á ní "Ìyá Bísí, ṣé a ò ní lọ ni?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò tó. Ẹni tó bá ṣe é ní Ọjọ́bọ̀, tó jókòó sórí àpótí títí di Ọjọ́bọ̀ mìíràn, owó ẹgbẹ́ ló ń ná dànù. Ilé ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ ló sì ti nira jù.

Àwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtara. A ní a ó máa ṣe wákàtí kan lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló gbà. Ohun tó wá tọ́ wa sọ́nà ni káàdì alájọ. Ẹ wò ó, ta ní ń fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dá àjọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Díẹ̀díẹ̀ là ń dá a, alájọ á wá, á sàmì, ó di òpin oṣù. A mú káàdì àtijọ́ tó ní àpótí 31, a gbé e kọ́ ara ògiri yàrá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, a sàmì. Ibi kan ṣoṣo ló ti yàtọ̀ sí àjọ: bí o bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, má fi wákàtí kan san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Ara kì í gba irú gbèsè bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wàá ṣe ara rẹ léṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ padà.

A sì so ó mọ́ ohun tí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń kírun Àsùbáà, kó ṣe é kó tó ká ẹní nílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àdúrà òwúrọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, kó ṣe é bí wọ́n bá ti ṣe àmín. Ẹ má ní ẹ ó ṣe é nígbà tí ààyè bá yọ, torí ààyè ò ní yọ.

Ohun tí à ń ṣe nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ò ju báyìí lọ. A ó kúnlẹ̀, a ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀ bí ẹni tó ń nu ilẹ̀. Bí a bá ń fa èémí sínú, a ó jẹ́ kí ikùn rọ̀ sílẹ̀, ká gbé àyà sókè. Bí a bá ń mí jáde, a ó gbé ẹ̀yìn ró bí ológbò tó rí ajá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó fi ìdí jókòó padà sórí gìgísẹ̀, ká na ọwọ́ síwájú, ká gbé iwájú orí sórí ìrọ̀rí, ká mí níbẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó fi aṣọ ká sábẹ́ rẹ̀, tàbí kó dìde dúró, kó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kó máa rìn sẹ́yìn, kó sì ti ìdí sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi tẹ́ bíi tábìlì. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ lè ṣe é ní ìsọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lálẹ́, tí ẹsẹ̀ bá wú, ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì tì í sókè fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ọmọ á fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ o. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí tó ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní gulakómà, kó má dorí kodò, torí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àti omi inú ojú ti ojú gidigidi. Aboyún ò gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀, kó sì bi nọ́ọ̀sì rẹ̀ léèrè ná. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ di èémí mọ́nú. Bí nínà bá ń fa ara, ó dára. Bó bá ń gún bí abẹ́rẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Bí ìrora ẹ̀yìn bá ń lọ sí ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń kú tàbí tí kò lágbára, tàbí tí èèyàn ò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe ẹní. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì gbọ́dọ̀ torí yógà dá a dúró.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró lóṣù Ọ̀pẹ ni. Ọjà Kérésì dé, a ò rí imú mí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni káàdì fi ṣófo. Ojú ti wa láti padà. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ìṣẹ́jú márùn-ún la fi bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Àwọn kan ní kí a fi owó náà ra aṣọ ẹgbẹ́ tuntun fún àjọ̀dún. A fẹ́ràn aṣọ, ẹ ò lè bá wa du ìyẹn. Ṣùgbọ́n aṣọ mẹ́ta la ti rà láàárín ọdún méjì, ẹni tí ẹ̀yìn mú tí a gbé wọ ọkọ̀ ní gbogbo rẹ̀ nínú àpótí. Ẹ jẹ́ kí aṣọ sinmi lọ́dún yìí.

Ohun kan ò tẹ́ wa lọ́rùn nínú àbá ìgbìmọ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló lè wá. Àwọn aláàárù obìnrin tó ń fi orí ru àpò ìrẹsì wa wọlé ńkọ́? Wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, wọn ò lè san owó oṣù. Ọrùn àti ẹ̀yìn ta ló ń jìyà tó tiwọn? Kí a fi ààyè mẹ́wàá sílẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ká má sì fi yógà bo àṣìṣe ara wa: kí ẹgbẹ́ ra bárò mélòó kan sẹ́nu ọ̀nà ọjà, kí àwa náà sì gbé àpótí ìjókòó wa ga sí i kí orúnkún má ga ju ìdí lọ. Nínà ara lówùúrọ̀ kò lè san ohun tí ìjókòó burúkú ń bà jẹ́ fún wákàtí méjìlá.

Ọjọ́rú tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ìdìbò nínú gbọ̀ngàn. Tíṣà náà á wá, á fi hàn wá kí a tó dìbò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ ẹ̀bà wá o. Ẹ jẹun ní wákàtí méjì ṣáájú. Ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró. Ẹ mú ẹní, ọ̀já àti ìrọ̀rí kan dání, ẹni tó bá sì ní káàdì alájọ àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì funfun, kó mú un wá fún akọ̀wé, a máa fún ẹni tí kò ní.